GBÈSÈ TÍ MO JẸ ẸNI TÍ N KÒ MỌ̀

Ìwé kẹfà ni mo kà dé kí n tó kọ́ ọjà títà, nítorí náà bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí àwọn ọ̀mọ̀wé àárín wa forí jì mí.

Gbèsè kan wà lọ́rùn mi láti ọdún 1998 tí n kò tí ì san. Kì í ṣe pé mo fẹ́ jẹ owó olówó o. Ẹni tí mo jẹ ní gbèsè náà ni n kò mọ̀.

Ọdún náà ni mo mú ìyàwó mi wá sí Àbújá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ike àti abọ́ ni mò ń tà ní ọjà Wuse, yàrá kan ṣoṣo ni a sì háyà ní Nyanya. Nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́rin, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ọmọ kò rí ọ̀nà jáde, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ìwé owó lé mi lọ́wọ́, ó ju gbogbo ọjà tó wà ní ìsọ̀ mi lọ. Wọ́n ní ìyá ọmọ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ àfi bí mo bá san án. Àwọn ará ilé wa ti lọ ọdún. N kò ní ẹbí nítòsí, n kò sì tí ì wọ ẹgbẹ́ kankan. Mo ta ìdajì ọjà mi ní ọ̀pọ̀, owó kò pé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì, mo lọ bẹ obìnrin tí ń gbowó níbẹ̀. Ó wo ìwé, ó ní, “Bàbá ìkókó, wọ́n ti san án.” Mo ní, “Ta ni?” Ó ní ẹni náà kìlọ̀ pé kí òun má sọ, pé kí òun ṣáà bá a kí ìyá ọmọ.

Mo bi gbogbo ará ìlú wa tó wà ní Àbújá nígbà náà, kò sí ẹni tó jẹ́wọ́. Ó lè jẹ́ Yorùbá, ó lè jẹ́ Háúsá tàbí Íbò, ó lè jẹ́ Gbagyi tó ni ilẹ̀ tí a tẹ̀ dó yìí. Ó lè jẹ́ oníbàárà tí mo kanra mọ́ ní ìjẹta. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè fi ojú tín-ín-rín wo ẹnikẹ́ni ní ọjà mọ́. Bí mo bá mọ ẹni náà ni, òun nìkan ni n bá máa dọ̀bálẹ̀ fún. Nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n, gbogbo ènìyàn ni mo jẹ ní gbèsè ọpẹ́.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ tí a bí nígbà náà fi sinimá òyìnbó kan hàn mí. Christmas Jars ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2019 ni wọ́n gbé e jáde, láti inú ìwé tí Jason F. Wright tẹ̀ ní 2005. Ìdílé kan ń ju ṣéńjì ojoojúmọ́ sínú ìgò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bí Kérésìmesì bá dé, wọn a gbé ìgò náà sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí wàhálà bá, wọn a sì yọ́ lọ. Ọmọbìnrin oníwèé ìròyìn kan tí olè jà rí irú ìgò bẹ́ẹ̀, ó wá ń wá ẹni tó gbé e síbẹ̀ kiri. Ẹkún gbà mí lójú, nítorí ọ̀rọ̀ ara mi ni.

Òyìnbó kọ́ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgò yẹn, kí ni bí kò ṣe kóló wa? Láyé àwọn bàbá wa, wọn a gbé àmù omi síwájú ilé lẹ́bàá ọ̀nà, pẹ̀lú igbá ìbumu. Èrò ọ̀nà a mu omi, a kọjá lọ; onílé lè wà lóko, kò mọ ẹni tó mu ún. Àwọn ni wọ́n sọ pé aṣoore má lóṣòó tì í.

Lóde òní náà, wọ́n ṣì wà. Ní Èkó, ọ̀gbẹ́ni Zeal Akaraiwe máa ń lọ sí ilé ìwòsàn láti bá àwọn tí ara wọn ti yá ṣùgbọ́n tí wọn kò rówó san sanwó. Kò fẹ́ kí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí wọ́n máa ròyìn pé áńgẹ́lì kan wá, ó sanwó, ó sì lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, lónìí a ó pe orúkọ pẹ̀lú iye owó, ìlù yóò sì dún. N kò sọ pé kò dára. A kò lè fi ìkọ̀kọ̀ kọ́ gbọ̀ngàn, orúkọ tí a pè sì ń jí ẹlòmíràn dìde. Èmi náà yóò jáde. Ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀bẹ̀ ohun kan sí i. Ẹ jẹ́ kí kóló kan máa wà lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ìpàdé oṣooṣù, kí oníkálukú sọ ohun tó bá ní sínú rẹ̀ láìdárúkọ. Bí Oṣù Kejìlá bá dé, kí àgbà méjì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n fi tú aláìsàn kan sílẹ̀. Kí wọ́n má béèrè ẹ̀yà, kí wọ́n má béèrè ẹ̀sìn, kí wọ́n má ya fọ́tò, kí wọ́n má sì dárúkọ ẹgbẹ́.

Ẹlòmíràn lè ní, “Ṣé ọmọ ẹgbẹ́ wa kò ha ní ìṣòro ni?” Òótọ́ ni, wọ́n ní. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n san tèmi, n kò sí nínú ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni.

Mo ti ra kóló àkọ́kọ́, òun ló wà lórí tábìlì yẹn. N kò ní sọ iye tí mo fi sí i. Bí ẹni tó ṣe mí lóore ní 1998 bá sì wà ní ìjókòó níbí, ẹ ṣeun o. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń kí yín.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àjò wa dùn bí ilé.