Ẹni tí ń Bójú tó Ilé-Ẹ̀kọ́ Náà Gbọ́dọ̀ Máa Kẹ́kọ̀ọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Olùkọ́. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì Muhammad.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Bí olùkọ́ bá ń ṣi àwọn ọmọ inú wọn kọ́, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó tètè rí i. Bí òun náà kò bá rí i ńkọ́?

Àwọn alábòójútó kan wà tí wọn kò tún kẹ́kọ̀ọ́ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ìwé ẹ̀rí. Bí wọ́n bá wọ kíláàsì, wọn a yẹ ìwé olùkọ́ wò, wọn a kọ àṣìṣe sílẹ̀, wọn a sì jáde. Olùkọ́ bẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ tí kò mọ̀wé kà kí wọ́n tó dé kò mọ̀ ọ́n kà nígbà tí wọ́n lọ tán.

Àwọn mìíràn rò pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta yóò tó. Rárá o! Ọmọ kì í ti orí ẹní dìde kí ó máa sáré. Ọdún 23 ni Àlùkùránì fi sọ̀kalẹ̀. Sūratul-Isrāʼ, āyà 106, sì sọ ìdí rẹ̀ pé kí Ànábì lè máa kà á fún àwọn ènìyàn ní sísẹ̀-ń-tẹ̀lé. Nígbà tí Ànábì rán Muʿādh ọmọ Jabal lọ sí Yemen, ìjẹ́rìí ni ó ní kí ó kọ́kọ́ pè wọ́n sí. Bí wọ́n bá gbà, kí ó sọ ti ìrun. Bí wọ́n bá tún gbà, kí ó sọ ti sàká.

Nítòsí ibí, Ṣéù Ādam ʿAbdullāh al-Ilọrī dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e wá sí Agége ní 1955. Ó to ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìpele-ìpele, èso rẹ̀ sì kárí ilẹ̀ Yorùbá.

Bẹ́ẹ̀ ni kí alábòójútó ṣe. Kí ó mú ohun kan ṣoṣo ní sáà kan, bí àpẹẹrẹ, bí a ti ń mọ̀ bóyá ohun tí ọmọ ń kà yé e. Kí ó dán an wò ní kíláàsì méjì, kí ó bá olùkọ́ jókòó, kí ó sì padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láti wo ohun tí ó yí padà. Kí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa pàdé lóṣooṣù, kí oníkálukú sọ ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó. Nígbà tí èyí bá mọ́ wọn lára, kí wọ́n mú òmíràn.

Ẹlòmíràn yóò ní ilé-ìwé pọ̀, àkókò kò sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bẹ ilé-ìwé mẹ́wàá wò tí kò tún ẹyọ kan ṣe, òun gan-an ni ó fi àkókò ṣòfò.

Ẹ̀yin tí ẹ ó di olùkọ́ àti alábòójútó lọ́la, àti ẹ̀yin tí ẹ ń mójú tó ilé-kéwú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ipò mú yín gbàgbé pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ gbogbo Mùsùlùmí. Āmīn.