Ìsinmi Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́

Òbí tó ń gbé l'Ékòó tó fẹ́ kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ ṣe ìsinmi, ìrìn àjò gan-an ni kó kọ́kọ́ rò. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀ pé ibi ìsinmi Òbúdú lókìkí. Ohun tó mọ̀ ni pé òun ti jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀, oorun sì ń kun òun. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ Ìbàdàn. Láti ọdún 2021 ni rélùwéè ti ń kó èrò láti Èkó lọ sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn, nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀, láìsí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọmọ lè dìde nasẹ̀. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn wà níbẹ̀, Ọgbà Agodi náà wà níbẹ̀. Ọ̀kan lóòjọ́ ti tó, kí àwọn ọmọ lè sùn lọ́sàn-án.

Àwọn kan á ní Ìbàdàn ti wọ́pọ̀ jù, pé Òkè Ìdànrè ló yẹ kí ọmọ rí. Òkè náà lẹ́wà lóòótọ́, ìtàn sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ìyá tó bá sì pọn ọmọ gùn ún kò sinmi, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ le ná. Ní ti Ìbàdàn, òótọ́ ni pé Mọ́níyà jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú, nítorí náà, ẹ ti bá onítakisí sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọ rélùwéè.