Ọ̀pá epo ní ìsàlẹ̀ òkun



Ní Bonga, lókun Nàìjíríà, omi jìn ju mítà 1,000 lọ. Láti ọdún 2005 ni ọkọ̀ ńlá kan ti ń gba epo níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Shell pinnu láti gbẹ́ kànga 16 sí i nítòsí. Kànga 8 yóò máa mú epo wá. Kànga 8 yòókù yóò máa ti omi wọ ilẹ̀, kí omi lè ti epo jáde.

Wọn kò ní gbé ọkọ̀ tuntun wá. Ọ̀pá ni wọn yóò tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ àtijọ́. Ẹni tí ó ra oko ọ̀pẹ kejì, ṣé ó tún ń kọ́ ibi ìfúnpo mìíràn? Ẹyìn ni yóò rù wá sí ti àtijọ́. Owó kò ní pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá a máa jò. Ní Bonga kan náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, nǹkan bí àgbá epo 40,000 dà sínú òkun. Òkun kò sì mọ ààlà.

Ẹ̀yin apẹja, bí ẹ bá rí epo lójú omi, ẹ má da àwọ̀n síbẹ̀. Ẹ má jẹ ẹja ibẹ̀, ẹ má tà á. Ẹ tètè sọ fún olórí abúlé.