Ọkọ̀ Tí Kò Ní Dírẹ́bà àti Ọ̀gá Gáréèjì Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Kàbà)

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Jámánì. Mo mọ̀ pé oúnjẹ ti jinná, n kò ní pẹ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja wá ti kọjá ní Obajana. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ibẹ̀ lágbára láti ṣe mílíọ̀nù 16.25 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ẹ máa ń rí àwọn tírélà tó tò lọ bẹẹrẹ lójú títì. Ohun tí a kì í sábà rí ni ìrìn tí ẹrù ń rìn nínú ọgbà ilé-iṣẹ́: láti ilé ìkẹ́rùsí dé ìdí ẹ̀rọ, láti ìdí ẹ̀rọ dé ibi tí wọ́n ti ń dì í, kó tó wá kan tírélà. Ní ilé-iṣẹ́ púpọ̀, àwọn tó ń wa forklift àti àwọn alágbàrù ló ń ṣe é, àwọn ọmọ wa sì wà lára wọn. Iṣẹ́ yìí gan-an ni ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà ń gbà ní ibòmíràn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná o. Ní 1953 ni ilé-iṣẹ́ Barrett ní Amẹ́ríkà ti ṣe ọkọ̀ kékeré kan tó ń tẹ̀lé wáyà. Ní 1974, Volvo ń fi irú rẹ̀ gbé ọkọ̀ tí wọ́n ń tò lọ́wọ́ ní Kalmar, ní Sweden. Lóde òní, ọ̀pọ̀ wọn kò nílò wáyà mọ́. Ojú laser ni wọ́n fi ń wọn bí ògiri àti òpó ti jìnnà sí wọn tó, wọ́n á fi í wé àwòrán ilé tó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n á sì mọ ibi tí wọ́n wà. Bí ènìyàn bá dá wọn lọ́nà, wọ́n á rọra, wọ́n á dúró.

Ohun tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún nìyẹn. Èmi kì í pàtẹ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kan kò le. Ogójì ọkọ̀ ni kí ẹ bi mí. Ta ni yóò gbé ẹrù èwo? Ta ni yóò lọ gba iná sí bátìrì, nígbà wo? Ẹ lọ sí gáréèjì Kàbà, ẹ ó rí i pé kì í ṣe dírẹ́bà ló ń pín èrò. Ọ̀gá gáréèjì ló mọ ẹni tó kàn. Ètò kọ̀ǹpútà kan ló ń ṣe ọ̀gá gáréèjì fún àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, òun sì ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ rántí ilé ìjẹun wa, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Àwọn kan ń gbé oúnjẹ wọlé, àwọn kan ń kó abọ́ òfìfo jáde. Ọjọ́ tí pírífẹ́ẹ̀tì kò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọbẹ̀ á dà. (Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ̀yin lẹ dà á.) Ọkọ̀ méjì tó bá pàdé ní ọ̀nà tóóró kò mọ bí a ti ń bú ara ẹni kí ẹnì kan tó padà sẹ́yìn. Wọ́n á kàn dúró ni, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì tò sí wọn nídìí, títí iṣẹ́ gbogbo á fi dákẹ́. Nítorí náà ni ètò yẹn ṣe ń gé ọ̀nà sí wẹ́wẹ́. Kí ọkọ̀ tó wọ apá kan, ó ní láti gbàyè. Bí ó bá jáde tán, ẹlòmíràn á gbà á.

Ìṣòro mìíràn ni pé ọkọ̀ tí ẹ rà lọ́wọ́ Lágbájá lè máà gbọ́ èdè ọ̀gá tí ẹ rà lọ́wọ́ Tàmẹ̀dù. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní Jámánì gbé èdè kan jáde fún gbogbo wọn, VDA 5050 ni wọ́n pè é. Ẹ máa bèèrè rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹnì kan á ní, “Ìyẹn Jámánì. Níhìn-ín iná kò sí, agbára ènìyàn sì wọ́pọ̀.” Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí kò fi tètè dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo Syama ní Màlì, ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà lábẹ́ ilẹ̀. Ní 2018, Resolute ti Ọsirélíà àti Sandvik ti Sweden ṣe àdéhùn láti sọ ọ́ di ibi tí ọkọ̀ akérùpẹ̀ ti ń wa ara rẹ̀ nísàlẹ̀, tí àwọn ènìyàn á sì máa ṣọ́ ọ láti yàrá kan lókè. Lẹ́yìn tí àpáta bá bú, ènìyàn ní láti dúró kí èéfín olóró lọ. Ọkọ̀ kì í mí. Màlì kò ju ìwọ̀-oòrùn wa níhìn-ín lọ.

Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa, àga dírẹ́bà á dín kù, n kò ní purọ́ fún yín. Àga tó máa kù ni ti ẹni tó ń ṣọ́ yàrá yẹn, ẹni tó ń tún bátìrì àti ojú laser ṣe, àti ẹni tó ń ya ọ̀nà sínú kọ̀ǹpútà. Ṣé ọmọ wa ni yóò jókòó síbẹ̀, àbí a ó tún máa retí àlejò?

Ìdí nìyí tí n kò fi lè dìbò fún géètì tuntun lọ́dún yìí. Géètì dára. Ṣùgbọ́n yàrá físíìsì wa ni kí á kọ́kọ́ tún ṣe: iná oòrùn, kọ̀ǹpútà, mọ́tò kéékèèké tí ọmọ lè tú palẹ̀ kí ó sì tò padà. Mo ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó wà lọ́wọ́ akápò. Aago mẹ́rin ni ìpàdé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó kí ẹ tó dìbò.