Bí aláǹtakùn ọ̀sìn bá darúgbó, báwo ni ẹni tó ń sìn ín ṣe lè tọ́jú rẹ̀ dé òpin?



Tí aláǹtakùn bá yọ lára ògiri, ìgbálẹ̀ tàbí bàtà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ wá.

Àmọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Amẹ́ríkà, àwọn kan ń fi owó ra aláǹtakùn ńlá onírun tí wọ́n ń pè ní tarantula, wọ́n sì ń sìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lára wọn ni Hysterocrates gigas, tó wá láti Cameroon, orílẹ̀-èdè tó pààlà pẹ̀lú Nàìjíríà. Togo àti Ghana náà ní Heteroscodra maculata, tó máa ń gbé lórí igi.

Ọ̀rọ̀ òní kò dá lórí bí wọ́n ṣe ń rà wọ́n. Ó dá lórí ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ẹranko náà bá gbó, tí ọjọ́ rẹ̀ sì ń pé.

Ọdún mélòó ni wọ́n ń lò láyé?

Akọ àti abo kì í pẹ́ láyé bákan náà. Abo àwọn ẹ̀yà kan láti Mexico lè lò ju 20 ọdún lọ.

Ní ti akọ, tó bá ti bọ́ awọ tó sọ ọ́ di géńdé tán, ọjọ́ rẹ̀ kì í sábà pọ̀ mọ́. Abo ni yóò máa wá kiri, oúnjẹ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jọ ọ́ lójú.

Ìbátan wọn kan wà ní Australia, èyí tó máa ń ṣe ìlẹ̀kùn sẹ́nu ihò rẹ̀. Ọdún 1974 ni onímọ̀ Barbara York Main bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkọsílẹ̀ nípa abo kan níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Number 16. Ọdún 43 ló lò kó tó kú ní 2016. Síbẹ̀, kì í ṣe ogbó ló pa á. Agbọ́n ló ta á nínú ihò rẹ̀.

Ìṣòro kan wà fún ẹni tó bá ra èyí tí wọ́n mú nínú igbó Áfíríkà lẹ́yìn tó ti dàgbà. Kò lè mọ ọdún tó ti lò. Ara ẹranko náà ló gbọ́dọ̀ máa wò.

Ó ti kú ni, àbí ó ń bọ́ awọ?

Tí ogbó bá dé, ìrìn aláǹtakùn á lọ́ra, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wọ́lẹ̀, ikùn rẹ̀ á sì máa súnkì. Ó tún lè kọ oúnjẹ. Àmọ́ kíkọ oúnjẹ nìkan kò tó àmì, torí pé èyí tó fẹ́ bọ́ awọ náà lè má jẹun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ibi tí àwọn tuntun ti máa ń ṣìnà nìyí. Aláǹtakùn tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, tó kọ ẹ̀yìn dé ilẹ̀, kò kú. Awọ ló fẹ́ bọ́, ó sì lè gbà á ní wákàtí púpọ̀. Ẹni tó bá gbé e sọ nù láàyè ló sọ ọ́ nù. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ sì kó ìrẹ̀ tó bá wà nítòsí rẹ̀ kúrò, torí wọ́n lè gé e jẹ.

Èyí tó ń kú máa ń dúró lórí ikùn rẹ̀, tí yóò sì ká ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sábẹ́ ara bí ẹni di ẹ̀ṣẹ́. Agbára omi ara ni aláǹtakùn fi ń na ẹsẹ̀. Bí agbára yẹn bá ti dínkù, ẹsẹ̀ á ká.

Òǹgbẹ pẹ̀lú lè fa irú èyí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ní ó ti tán, kó gbé ẹnu rẹ̀ sétí omi tí kò jìn. Kó má ri ikùn rẹ̀ sínú omi, torí ibẹ̀ ni ihò tó fi ń mí wà.

Ìtọ́jú arúgbó

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Aláǹtakùn inú dígí kò ní ọmọ tí yóò bọ́ ọ. Ẹni tó rà á ló kù fún un.

Ẹ jẹ́ kí omi wà nínú àwo pẹlẹbẹ nígbà gbogbo. Ní ti ẹ̀yà Cameroon tó ń gbẹ́ ihò, kí ilẹ̀ rẹ̀ máa tutù díẹ̀. Ẹ pa ìrẹ̀ kékeré kí ẹ tó fún un, kó má baà máa sá kiri wá oúnjẹ, kí ẹ sì kó àjẹkù kúrò lọ́jọ́ kejì.

Ẹ gbé ohun gíga kúrò níbi tó lè gùn, torí bó bá já bọ́, ikùn rẹ̀ lè bẹ́. Ẹ má gbé e lọ́wọ́. Oró ẹ̀yà Áfíríkà máa ń dunni gan-an, bó tilẹ̀ ti darúgbó.

Ṣé kí èèyàn gba ẹ̀mí rẹ̀?

Òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2022 lórí ìmọ̀lára ẹranko ka alákàn àti edé mọ́ wọn, kò ka aláǹtakùn. Ẹ̀rí ọkàn ló kù.

Bí ó bá ṣe kedere pé kò lè gbádùn mọ́, dókítà ẹranko ni kí ẹ lọ bá, kó lè fi oògùn kùn ún lóorun ná. Omi gbígbóná tàbí oògùn apakòkòrò kì í ṣe àánú. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má tú u sílẹ̀ nínú igbó ilẹ̀ òyìnbó. Òtútù yóò pa á, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì lòdì sí i.

Lẹ́nu ààlà Nàìjíríà àti Cameroon, àwọn Mambila máa ń fi aláǹtakùn inú ihò ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀. Wọ́n á to ewé tí wọ́n ti ṣe àmì sí sẹ́nu ihò, wọ́n á da ìkòkò bò ó, wọ́n á sì dúró. Bó bá jáde tó tú ewé náà ká, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀. David Zeitlyn ti Yunifásítì Oxford ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Wọn kì í kán aláǹtakùn náà lójú. Ẹni tó ní arúgbó nínú dígí náà gbọ́dọ̀ ní irú sùúrù yẹn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ká, tí omi kò sì ràn án, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn di ọjọ́ kejì kí ẹ tó sin ín.