Bàbá Bọ́ Bàtà ní Dùgbẹ̀

 

Àwa ará Òkè-Ògùn fẹ́ràn ìròyìn ìlú ńlá púpọ̀. Bí ẹnìkan bá ti Ìbàdàn dé sí Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, a ó yí i ká, a ó ní kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nígbà èwe àwọn bàbá wa, orúkọ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ń dá ni Kingsway, ilé ìtajà ńlá tí ó wà ní Dùgbẹ̀. Yóò ní, "Iye owó ni wọ́n kọ sára ọjà o! Kò sí pé à ń ná an." Kingsway ti di ìtàn báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ilé ìtajà mìíràn ti dìde, ìròyìn náà kò sì yí padà: ilẹ̀ ń dán, díńgí ni ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tutù bí ìgbà ọyẹ́.

Ní ọdún 2016, mo kó ọmọ ilé-ìwé 15 láti Ṣakí lọ wo Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá wa lọ. Àgbẹ̀ ni bàbá yìí, ó ti lé ní 70 ọdún nígbà náà. Nígbà tí a dé Dùgbẹ̀, a dúró níwájú Ilé Kòkó, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àjà rẹ̀. Ọ̀kan ní 24 ni, èkejì ní 30 ni. Mo sọ fún wọn pé 26 ni, àti pé ilé náà ga tó mítà 105. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò ó ṣáá.

Láti ibẹ̀ ni a ti lọ sí ilé ìtajà ńlá kan nítòsí. Bí a ti dé ẹnu ọ̀nà ni Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó kó o mọ́ abíyá. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: ojú ti èmi náà. Mo wò yíká bóyá ẹnìkan rí wa. Ọkùnrin tí ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ní, "Bàbá, ẹ wọ bàtà yín, ẹ máa wọlé."

Bàbá dá a lóhùn pé, "O ṣé, ọmọ mi. Ilẹ̀ tí ó mọ́ báyìí, ẹnìkan ni ó fọ̀ ọ́. N kò ní fi ẹsẹ̀ oko ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́."

Ẹ̀rín náà rọlẹ̀ díẹ̀.

Nínú ilé náà, ọmọbìnrin kan nínú wa mú nǹkan pẹlẹbẹ kan tí a fi bébà dídán wé. Ó ní, "Bàbá, ṣokoléètì nìyí. Kòkó ni wọ́n fi ṣe é."

Bàbá dúró. "Kòkó? Kòkó tí mo rù?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa. Àgbàdo, iṣu àti ọkà bàbà ni ó mọ́ ọn lára. Igbó ni kòkó ń fẹ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa máa ń lọ ṣe alágbàṣe ní ìhà ibi tí kòkó wà. Láti 1961 ni Bàbá ti fi ọdún mẹ́ta ṣe iṣẹ́ náà. Ó ń fọ́ kòkó, ó ń bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi mú, ó ń sá a sóòrùn, ó sì ń ru àpò rẹ̀ lọ síbi òṣùwọ̀n.

Láyé ìgbà náà, Marketing Board ti Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, ni ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà lórí kòkó. Lọ́pọ̀ ọdún, iye náà kéré sí èyí tí wọ́n ń tà á lókè òkun, ìjọba sì ń fi èrè tí ó kù ṣe iṣẹ́ ìlú. Owó irè oko, kòkó pàápàá, ni wọ́n fi kọ́ ilé alájà 26 tí a ti ń wò náà. Ó parí ní 1965. Iná jó o ní 1985, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 1992. Òógùn àgbẹ̀ ni ó gbé e dúró, òógùn alágbàṣe sì wà nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà yí ṣokoléètì ọ̀hún padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀: òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é. Bàbá bèèrè iye rẹ̀. Ó tú ìdí àpò, ó san án láìjanpata. Nígbà tí a jáde, ó jókòó, ó dá a sí wẹ́wẹ́, ó pín in fún gbogbo àwọn ọmọ, ó sì fi èyí tí ó kẹ́yìn sẹ́nu ara rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo fi rù ú. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ ọ wò."

Kò sí ọmọ tí ó tún rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, n kò sọ pé kí ẹ má lọ sí irú ibẹ̀ o. Ojú tí kò rí ibòmíràn kò lè mọ iye tilé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí dídán ilẹ̀ nìkan jẹ́ ìròyìn tí ẹ mú bọ̀. Ẹ bèèrè ta ni ó ṣe ọjà náà, àti irè oko ta ni ó wà nínú rẹ̀. Òrí tí àwọn ìyá wa ń pò ní Ṣakí lè wà nínú ìgò ìpara olówó ńlá tí kò dá orúkọ wọn. Aṣọ òfì tí wọ́n ń hun ní Ìsẹ́yìn lè wà lára ẹni tí kò mọ ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò gba ẹnu ọ̀nà díńgí wọlé láìbẹ̀rù, yóò sì padà sílé láìkẹ́gàn ilé.

Bí ẹ bá sì rí àgbà tí ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má fi ṣẹ̀sín. Ẹ súnmọ́ ọn, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ti rù rí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Ó dàárọ̀.