Ogun Tí Ó Tẹ̀lé Ọmọ Ogun Wálé



Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní lọ́dọọdún ni orílẹ̀-èdè wa ń rántí àwọn ọmọ ogun tí ó ti kú, nítorí pé ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní 1970. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò kú ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn lónìí: àwọn tí wọ́n bá ECOMOG lọ sí Làìbéríà láti 1990, àti àwọn tí wọ́n ń ti ojú ogun Boko Haram bọ̀ láti 2009. Ọmọ, ọkọ àti bàbá wa ni wọ́n.

Aya ọmọ ogun mọ ohun tí à ń wí. Ọkọ rẹ̀ dé, gbogbo ilé yọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, oorun dá lójú rẹ̀. Ó ń kígbe lóru. Bí àwọn ọmọdé bá yin báńgà nígbà Kérésìmesì, a dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ẹni tí a yìnbọn sí. Ẹni tí ó máa ń pa ará ilé lẹ́rìn-ín kò fẹ́ rí ènìyàn mọ́. Òmíràn a sọ ọtí di oògùn oorun. Àwọn aládùúgbò a ní wọ́n ti sà sí i, tàbí kí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó pa ni ó ń jà.

Ẹ̀yin ará, ọgbẹ́ ni. Kì í ṣe ojo, kì í ṣe èpè. Ní 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ orúkọ àìsàn yìí sínú ìwé wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí ìyà àwọn tí ó ti ogun Vietnam dé. PTSD ni wọ́n ń pè é ní ṣókí. Ọkàn tí ó ti ń ṣọ́ ikú lójoojúmọ́ kì í tètè gbà pé ewu ti kọjá. Ó ní ìtọ́jú: ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà, àti oògùn nígbà mìíràn. Bí ó tilẹ̀ ti pé ogún ọdún, kò tí ì pẹ́ jù.

Níbo ni kí a gbé e lọ? Ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn bárékè. Fún ajagunfẹ̀yìntì àti ẹbí rẹ̀, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa ní Kàdúná, ní Maiduguri, ní Kware lẹ́bàá Sókótó, ní Enugu àti ní Calabar. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá nìkan ni aláìsàn lè fi sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, Yaba wà l'Ékòó, Àrò sì wà l'Abẹ́òkúta. Ní Àrò ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 láti jẹ́ kí aláìsàn máa gbé láàrin àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ nítòsí, kí ó sì máa gba ìtọ́jú. Ẹbí jẹ́ apá kan nínú ìwòsàn náà.

Nítorí náà, bí ọkọ bá kọ̀, kí aya ṣáájú lọ. Kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí ó sì gba ìmọ̀ràn fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ọmọ, nítorí àwọn náà ti gbọgbẹ́. Bí ọkọ bá ń lù ú, kí ó kó àwọn ọmọ lọ síbi tí ààbò wà; ìyẹn kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Bí ó bá ń sọ pé ikú sàn fún òun, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ kó ohun ìjà àti májèlé kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

A kò ní kí ẹ má gbàdúrà. Àwa náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n bí ìbọn bá ba ènìyàn lẹ́sẹ̀, a ó gbàdúrà, a ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe fún èyí. Ẹ má ṣe fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, ẹ má sì fi í pamọ́ sí ìyẹ̀wù. Àwọn àgbà wa a máa ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀sín nínú àìsàn. Àní òfin àtijọ́ tí ìjọba amúnisìn fi lélẹ̀ lórí àwọn tí wọ́n ń pè ní wèrè ti kúrò nílẹ̀. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ni a fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023.

Bí ilé ọmọ ogun kan bá wà ládùúgbò yín, ẹ yà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè àlàáfíà ọkọ, kí ẹ sì béèrè ti aya pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò bá wọn dé ilé ìwòsàn, ẹ bá wọn lọ.

Kí àlàáfíà jọba nínú ilé yín. Ó dìgbà kan ná.